Àwọn Àfáà Ṣáínà àti Ojú Bàbá Mi

Peckham, London
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aleekun. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdí òfì. Mo kí gbogbo ilé, mo sì kí Ẹ̀gbọ́n mi Fatimah tí yóò fi lẹ́tà yìí hàn yín lórí fóònù rẹ̀. Orí ìwé ni mo kọ ọ́ sí kí n tó ya fọ́tò rẹ̀, torí ẹ ní ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ sórí fóònù kì í jọ ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí ojú ọ̀tún yín má baà ṣe wàhálà.

Ẹ bínú sí mi ní Jímọ̀ tó kọjá pé tí ẹ bá pè mí, "a dúpẹ́, sà" nìkan ni mò ń sọ. Kì í ṣe pé mi ò ní ọ̀rọ̀. Yàrá kan ni èmi àti àwọn ọmọbìnrin Aunty Tẹniọlá méjèèjì jọ ń sùn. Tí mo bá ti gbé fóònù báyìí, wọ́n á yọ ohun tí wọ́n fi sétí, wọ́n á máa tẹ́tí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á máa fi ohùn mi ṣeré nínú kíṣínì. Ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi ń kéré.

Peckham kò jọ òkè òkun tí a máa ń rí nínú fíìmù. Ní Rye Lane, mo lè ra ata rodo, pánla àti ẹ̀gẹ́. Àwọn tó ń tà á ń fi Yorùbá bú ara wọn, ṣùgbọ́n tí mo bá ní "ẹ kú ọjà, mà," wọ́n á ní, "Yes darling, how many?" Ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo dé. Kò tíì sí ẹni tó bi mí bóyá mo jẹun.

Yàtọ̀ sí ilé ìwé, mo ti rí iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ní tíátà kan lẹ́bàá Elephant and Castle. Èmi ni mò ń fi àga han àwọn tó wá wòran; tí wọ́n bá lọ tán, èmi náà ni mò ń gbálẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, àwọn àfáà kan láti Ṣáínà ló ń ṣeré níbẹ̀, wọn yóò sì wà níbẹ̀ títí di ìparí oṣù Kọkànlá. Wọ́n tó méjìdínlógún. Gbogbo wọn fá orí kodoro, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì so tẹ̀sùbáà ńlá mọ́rùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á dijú, wọ́n á máa ka nǹkan lábẹ́ ètè. Wọn kì í mutí. Wọn kì í fọwọ́ kan ẹran tí wọ́n ń sè ní tíátà. Tí wọ́n bá wá dìde, kọ̀ǹfúù ni, bíi ti fíìmù tí a máa ń wò nígbà Iléyá. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó gbé ẹnu ọ̀kọ̀ sí ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì ń tì í títí igi ọ̀kọ̀ náà fi tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Òmíràn fi orí fọ́ irin. Àwọn èrò ń pariwo, èmi sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń rò ó pé ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti sọ nǹkan sí mi létí tí mo máa fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá tí dókítà Ìbàdàn dá fún iṣẹ́ abẹ ojú yín, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ìṣojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́: ojú òsì ti lọ ná, iṣẹ́ abẹ yìí ni kò ní jẹ́ kí ọ̀tún tẹ̀ lé e.

Èmi ọmọ yín tó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu yín,
Mìsítúrà


Ìṣẹ́yìn
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, 2024

Mìsítúrà Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Wa aleekun sàláámù. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Lẹ́tà rẹ dé. Mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù Fatimah, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta fúnra mi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kà á.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí o ti lọ, inú mi ò dùn sí ọ. Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé ọmọbìnrin tó dá lọ sí ìlú òyìnbó, tí kò mọ̀ ju "a dúpẹ́" lọ, ó ti pa ìrun tì nìyẹn. Àṣé àárín àwọn àfáà ni Ọlọ́run gbé ọ sí. Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Lẹ́mọ́mù Yaqub ní kí n sọ ọ́ sókè kí gbogbo jàmáà gbọ́. Ẹnìkan fẹ́ ṣiyèméjì pé ṣé Mùsùlùmí wà ní Ṣáínà ni, Alàájì Habeebullah sì dá a lóhùn pé òun àti àwọn ará Ṣáínà jọ kírun ní Mẹ́kà, èjìká kan èjìká, orí wọn sì wà ní fífá bí o ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn, èmi ni wọ́n ní kí n jókòó níwájú.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí. O mọ Kàbírù tí òfì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Títí di òní, wọ́n ṣì ń fà á lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Àfáà tí ọ̀kọ̀ kò wọlé sí lọ́fun yẹn, lọ bá a. Fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé ojú ni bàbá rẹ fi ń jẹun, kó bá mi ṣe àdúà sí i. Sọ orúkọ mi pẹ̀lú ti ìyá mi fún un, kí àdúà má baà ṣìnà: Nasiru ọmọ Ràfíátù. Kí o sì ya fọ́tò wọn fún mi, jàmáà fẹ́ rí wọn.

Má jẹ́ kó pẹ́.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ ti yọ́ sí ọ,
Nasiru


Peckham
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Àsàláámù aleekun. Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀ lọ́rùn mi, òtútù sì ti dé. Aago mẹ́rin ni ilẹ̀ ń ṣú báyìí, bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bo ojú ìlú.

Ti fọ́tò, wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yà á. Wọ́n lè tìtorí rẹ̀ dá mi dúró.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ yín. Ó pẹ́ kí n tó lè ṣe é, ẹ mọ bí mo ṣe máa ń tijú. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Malachi, ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n bí ẹní ń jẹ iṣu gbígbóná ni Yorùbá rẹ̀ rí. Ó ti rí i pé mo máa ń gbá iwájú yàrá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Misi, lọ bá wọn talk jàre. Wọn ò ní jẹ ẹ́, innit." Ni mo bá lọ. Fóònù ló bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ orúkọ yín àti ti ìyá yín fún un. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Ó ní òun á rántí yín.

Mo lọ kí Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní Old Kent Road. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni mo dúró sí. Nígbà tí a kírun tán, àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń dì mọ́ ara wọn, mo sì ń wo bàtà mi bí ẹni pé mo ń wá nǹkan lára rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ọjọ́ kẹta.

Ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Mìsítúrà


Ìṣẹ́yìn
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kọkànlá, 2024

Àṣàkẹ́ mi,

Ọlọ́run yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ ìtìjú gbogbo. O ti ṣe ohun tí ọmọkùnrin ò ṣe fún mi.

Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ ni ara mi ti balẹ̀. Mo ń sùn. Ó tilẹ̀ jọ pé òwú ń hàn sí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; mo mọ dúdú yàtọ̀ sí aró láàárọ̀ yìí láìbi ẹnikẹ́ni. Ọ̀bẹ kò lè ṣe mí ní nǹkan kan mọ́.

Mo ti ta òwú sórí òfì fún àfáà náà. Àwọ̀ ọsàn ni mo fi ṣe é, bí o ṣe júwe ẹ̀wù wọn. Mo fẹ́ kó máa fi bora tó bá jókòó láti ṣe àdúà. Àárín òwúrọ̀ nìkan ni mò ń hun ún, nígbà tí oòrùn bá wọ inú àgọ́, torí náà kò ní yá. Bi í bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Èmi tí mo ń hunṣọ lọ́wọ́,
Bàbá rẹ


Peckham
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Àsàláámù aleekun. Mo pè yín lọ́jọ́ kẹrin. Mo bi yín nípa iṣẹ́ abẹ, ẹ ní, "Ó ti kọjá, a dúpẹ́." Mo bi yín bóyá ó dùn yín, ẹ ní a dúpẹ́. Mo bi yín bóyá wọ́n ti tú báńdéèjì, ẹ ní kí n lọ kàwé mi. Ó wá jọ pé àwa méjèèjì ti pààrọ̀ ẹnu.

Àwọn ará Ṣáínà ti lọ sí ìlú míràn. Mo wà nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì rìn dé Nunhead. Àdúgbò jẹ́jẹ́ ni. Mo ń wo inú ilé àwọn ènìyàn láti ojú fèrèsé, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun. Mo padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ ohun tí dókítà wí.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀,
Mìsítúrà


Ìṣẹ́yìn
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kíní, 2025

Mìsítúrà,

Èmi Fatimah ni mo ń kọ ọ́. Bàbá ò mọ̀ pé mo kọ ọ́.

Kò sí iṣẹ́ abẹ kankan. Bàbá sọ fún mi pé dókítà ti sún ọjọ́ náà síwájú, mo sì gbà wọ́n gbọ́, torí wọn kì í parọ́ fún mi. Àṣé wọn ò kúrò ní ìdí òfì lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí láti inú àgọ́ pé kí n wá tan iná fún wọn. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn wà lára wọn bí mo ṣe ń wò wọ́n.

Mo gbé wọn dé Ìbàdàn. Dókítà fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú náà títí, ó sì pa á. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ gbà là nínú rẹ̀ mọ́, pé ká ní wọ́n wá lọ́jọ́ tí òun dá ni, ìwọ̀nba tó kù ì bá wà níbẹ̀. Ẹnu ya Bàbá. Wọ́n ní, "Ẹ dúró ná, àfáà Ṣáínà ti gba ojú yìí sọ́wọ́." Dókítà wò mí, èmi náà ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ wò.

Mo padà sílé, mo lọ wo aṣọ tí wọ́n ń hun. Ó dára títí dé àárín, ibi tó kù sì rí wúruwùru, òwú kan gun orí òmíràn. Wọ́n ti ń hun ún báyẹn fún ọjọ́ púpọ̀, a ò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo wá tẹ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn rẹ yẹn sínú fóònù. Ẹ̀wù ọsàn, orí fífá, ọ̀kọ̀ lọ́fun, gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Ère ni mo rí níwájú wọn, Mìsítúrà, ère aláwọ̀ wúrà tó jókòó, tí wọ́n ń tẹríba fún. Èmi ni wọ́n bí ọ tẹ̀ lé, torí náà má fi ọgbọ́n dá mi lóhùn. Ṣé àfáà ni wọ́n? Kí sì ni ẹni yẹn sọ fún ọ gan-an?

Fatimah


Peckham
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi,

Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò ka èyí sí yín létí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á tán.

Wọn kì í ṣe àfáà. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí rárá. Búdà ni wọ́n ń sìn. Ọ̀rọ̀ tí mo máa fi pè wọ́n ni mo ń wá lọ́jọ́ tí mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo mọ ohun tí òyìnbó ń pè wọ́n, mi ò mọ ti Yorùbá. Orí fífá, tẹ̀sùbáà, ẹni tí kì í mutí: ní Ìṣẹ́yìn, kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo kọ "àfáà," mi ò sì rò ó mọ́. Títí dé ibẹ̀, àṣìṣe ni.

Nígbà tí mo ka èsì yín, mo ti mọ ohun tí ẹ gbọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá tún ka ibi tí ẹ ti ní wọ́n fi yín jókòó níwájú. Ẹ ò tíì fi mí yangàn rí. Ní ìlú yìí, mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi. Mo ya ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ń retí mi, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwé ló dá mi dúró.

Mo bá ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di yìnyín sínú tówẹ̀lì, ó fi ń tẹ ọ̀fun rẹ̀. Ibi tí ọ̀kọ̀ ń kàn pọ́n, ó sì ń wúkọ́. Mo sọ orúkọ yín àti ti ìyá yín sínú fóònù. Kò yé e ohun tí orúkọ ìyá yín ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tó wá yé e pé ojú yín ni, ó mi orí. Ohun tó sọ nìyí, bí fóònù ṣe túmọ̀ rẹ̀: "Mi ò ní àdúrà ojú. Eré ni mò ń ṣe. Bàbá tèmi náà, dókítà ló ń tọ́jú rẹ̀. Sọ fún bàbá rẹ kó tètè lọ." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ó rò pé fóònù ti ṣì í túmọ̀.

Òun ò sọ pé òun á rántí yín. Èmi ni mo kọ ọ́.

Èmi ni mò ń gbá àfọ́kù irin tí wọ́n ń fi orí fọ́, Bàbá. Mo mọ bó ṣe tín-ín-rín tó. Mo ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ pèpéle, mo ti rí i pé igi ọ̀kọ̀ náà rọ̀ bí ọparun tútù. Iṣẹ́ líle ni wọ́n ń ṣe, láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ara sì ń ro wọ́n bíi ti gbogbo ènìyàn. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nígbà tí ẹ ń hunṣọ fún un. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀bẹ kò lè ṣe yín ní nǹkan kan mọ́, mo sì kà á pé ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ti kúrò lára yín. Bóyá mo fẹ́ kà á bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò mọ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì ojú. Mo dọ̀bálẹ̀ síbi tí mo wà. Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ kéré.

Mìsítúrà


Ìṣẹ́yìn
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta, 2025

Mìsítúrà,

Fatimah ló ń kọ ọ́. Ohun tí mo bá sọ ni mo ní kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe.

Alàájì Habeebullah wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé. Èmi ni mo ní kí Fatimah kà á sókè kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Nígbà tí Fatimah dé ibi tí ọmọ Ṣáínà náà ti ní kí n tètè lọ, ó dúró. Mo ní kó máa kà á lọ. Alàájì dìde, ó ní òun fẹ́ lọ kírun. Àkókò ìrun ò sì tíì tó.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méje, torí kò sí iṣẹ́ míràn lọ́wọ́ mi. O rò pé ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í ṣe Mùsùlùmí. Ìyẹn dùn mí fún ọjọ́ kan. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ní mọ́ṣáláṣí, ó sì ti tán. Abọ̀rìṣà tí kò mọ̀ mí rí, tí ọ̀fun ń dùn, ó sọ òótọ́ tó lè gba ojú mi là. Ọmọ tí mo bí gba òótọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mi ò tíì lè kúrò.

Mi ò ní gbé ẹ̀bi tèmi fún ọ. Dókítà dá ọjọ́ fún mi, èmi ni mo jókòó sílé, èmi ni mo parọ́ fún Fatimah. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ń wá ẹni tí yóò sọ pé kí n má lọ. O rí i pé ohun tí mò ń wá nìyẹn, o sì fi fún mi. Láti kékeré ni o ti máa ń rí ohun tí àwọn yòókù ò rí.

Mi ò ṣépè fún ọ. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo ṣépè, irọ́ ni.

Má kọ lẹ́tà sí mi mọ́. Mi ò lè kà á, mi ò sì fẹ́ kí ẹnu ẹlòmíràn máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún mi. Tí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, fi ohùn rẹ sọ ọ́, kí n gbọ́ bó ṣe ń jáde. Bí mo ṣe ń mọ òótọ́ báyìí nìyẹn.

Nasiru

Mìsítúrà, èmi Fatimah ni. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n kọ ṣáájú orúkọ wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ọ. Wọ́n rò ó títí. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ náà nìkan.